Ọlọ́pàá tó purọ́ sínú rípọ́ọ̀tì, tó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ṣé wọ́n ṣì lè gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. California la wà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọlọ́pàá kan dá àbúrò mi ọkùnrin dúró lójú títì, ó mú un, ó sì kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tì pé àbúrò mi gbá òun láyà, pé ó tún fẹ́ sá lọ. Nígbà tí lọ́yà wa rí fídíò kámẹ́rà àyà ọlọ́pàá náà, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba fa ẹjọ́ náà yọ. A fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ ọlọ́pàá náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó parí ìwádìí, ọkùnrin yìí ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. A gbọ́ báyìí pé ó ń wáṣẹ́ ní ìlú kejì. Ẹnì kan sọ fún wa pé ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká tọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó kọ kò parí ọ̀rọ̀ náà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú yẹn ló gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló fún un ní ìwé-ẹ̀rí tó fi ń ṣe ọlọ́pàá níbikíbi ní California, ìpínlẹ̀ náà ló sì lè gbà á padà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ibi tí irú ẹ̀sùn yìí ti máa ń kú. Ọlọ́pàá lè purọ́, kí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó purọ́, síbẹ̀ kí ẹ̀sùn náà má lọ síbì kankan, nítorí pé kò sí ojú ìwé kan nínú fáìlì tó fi hàn pé ó mọ̀ pé irọ́ ni lásìkò tó ń kọ ọ́. Ojú ìwé yẹn ni kí ẹ máa wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló ní nọ́ọ̀sì nínú ẹbí, nítorí náà ẹ mọ bó ṣe ń rí: ọsibítù lè lé nọ́ọ̀sì lónìí, kó sì ríṣẹ́ ní ọsibítù mìíràn lọ́la, níwọ̀n ìgbà tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ bá gba láísẹ́ǹsì náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó parí fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà a kì í rò ó báyìí, torí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí wọ́n bá lé níbẹ̀ kò ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kejì tí yóò sá lọ. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ agbófinró tó nǹkan bí 18,000: ti ìlú, ti káúńtì, ti ìpínlẹ̀, ti yunifásítì, ti rélùwéè. Bí ọ̀kan ti ń lé ènìyàn jáde, òmíràn ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì.

Àwọn olùkọ́ òfin méjì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2020 lórí Florida. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọgbọ̀n ọdún, ti ọlọ́pàá tó tó 98,000. Lọ́dọọdún, bí 1,100 ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé níbì kan rí ló ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn nínú ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sì rí i pé irú wọn ni wọ́n tún máa ń lé jù, ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò lé rí lọ.

Ti ọlọ́pàá Cleveland tó yìnbọn pa Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ní oṣù kọkànlá 2014, ló kan irọ́ pípa gan-an. Nígbà tí ìlú náà lé e ní 2017, kì í ṣe tìtorí ìbọn yẹn. Wọ́n lé e torí pé ó purọ́ nínú ìwé tó fi wáṣẹ́, nípa bó ṣe kúrò níbi tó ti ṣe ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀. Ní 2022, ìlú kékeré kan ní Pennsylvania gbà á síṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní 2024, ìlú kan ní West Virginia tún gbà á. Ariwo aráàlú ló mú un kúrò níbi méjèèjì. Bí ẹnu aráàlú bá rẹ̀, tàbí bí orúkọ ẹni tó kú kò bá lókìkí, ta ni yóò pariwo? Ìdí nìyí tí gbígba ìwé-ẹ̀rí fi ṣe pàtàkì ju pé kí wọ́n lé ènìyàn lọ.

California pẹ́ kó tó gbé ìgbésẹ̀. Àjọ tó ń fún ọlọ́pàá ní ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀, Commission on Peace Officer Standards and Training, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní POST, ti wà láti 1959, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní agbára láti gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó hùwà ìbàjẹ́. Òfin SB 2 ló fún un lágbára náà. Gómìnà Newsom fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n sì fi orúkọ Kenneth Ross Jr. sọ ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Gardena ní 2018. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023 ni POST ti lè gba ìwé-ẹ̀rí, tàbí kó dá a dúró fún sáà kan.

Abala òfin tí ẹ máa dárúkọ nínú gbogbo lẹ́tà yín ni Penal Code 13510.8. Ó ka oríṣìí ìwà burúkú tó lè mú ìwé-ẹ̀rí lọ, irọ́ pípa ló sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni irọ́ tó jẹ mọ́ bí ọlọ́pàá ṣe ròyìn ìwà ọ̀daràn, bó ṣe wádìí rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe gbé e lọ sílé ẹjọ́, àti irọ́ tó jẹ mọ́ ìwádìí lórí ìwà ọlọ́pàá. Ó dárúkọ gbólóhùn èké, rípọ́ọ̀tì èké tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ, ẹ̀rí tí a yí padà, tí a bà jẹ́ tàbí tí a fi pamọ́, ìbúra èké, àti fídíò kámẹ́rà àyà tí ẹnì kan tọwọ́ bọ̀ láti fi bo ìwà àìtọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín wọ inú èyí pátápátá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í rántí sọ fún ènìyàn. Ìwà tó ti ṣẹlẹ̀ kí 2022 tó wọlé kì í sábà ṣe é lò lábẹ́ òfin yìí, àyàfi bí iléeṣẹ́ bá parí ìdájọ́ tirẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí 2022 wọlé. Ṣùgbọ́n irọ́ pípa wà lára ìwọ̀nba ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin yọ sọ́tọ̀ nínú ìlànà yẹn, pẹ̀lú ìfipábánilòpọ̀ àti lílo agbára tó pa ènìyàn tàbí tó ṣe é léṣe gidi. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ẹbí tàbí nínú ìjọ yín bá ní irú ọ̀rọ̀ yìí láti 2019 tàbí 2020, kó má rò pé ó ti pẹ́ jù.

Kì í ṣe gbogbo irọ́ ló wọ̀ ọ́, ẹ má fi èyí tí kò wọ̀ ọ́ ba ẹ̀sùn yín jẹ́. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà ti fàyè gba ọlọ́pàá láti 1969, nínú ẹjọ́ Frazier v. Cupp, pé kó tan àgbàlagbà tó ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ó lè sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ti jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ náà kò sọ nǹkan kan. Ó burú lójú mi, ṣùgbọ́n kò lè mú ìwé-ẹ̀rí lọ. Fún ọmọ ọdún 17 sísàlẹ̀, California ti fòfin de irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ láti oṣù keje 2024. Àṣìṣe náà kì í ṣe irọ́. Bó bá kọ àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí tó ṣi orúkọ àdúgbò kọ, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá kó àṣìṣe mẹ́wàá mọ́ irọ́ kan, olùwádìí á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn àṣìṣe, á tú wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa dé orí irọ́ yẹn, òun náà á ti jọ àṣìṣe.

Ní ti ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀, òfin náà ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ parí ìwádìí lórí ẹ̀sùn ìwà burúkú, yálà ọlọ́pàá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn tàbí ó ti lọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún POST láàárín ọjọ́ 10 tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá wọlé, tí ọlọ́pàá bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti tí ìwádìí bá parí. Nígbà tó bá kúrò, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìbúra tó sọ ìdí tó fi lọ àti bóyá ìwádìí kankan wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ ìjìyà ìbúra èké ni ẹni tó kọ ọ́ fi ń fọwọ́ sí i. Iléeṣẹ́ tó bá sì fẹ́ gba ọlọ́pàá tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ POST ohun tó mú un kúrò níbi tó wà. Ẹ lóye ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín: bí ìlú kejì yẹn bá fẹ́ gbà á, ìbéèrè wọn á kan fáìlì tó wà ní POST. Bí ẹ̀sùn yín bá ti wà nínú fáìlì yẹn, wọ́n á rí i. Bí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ kò bá fi ránṣẹ́, òfo ni wọ́n máa bá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ènìyàn má fi í mọ sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá nìkan. POST ní fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn fún aráàlú lórí ìkànnì rẹ̀; ẹ kún un fúnra yín. Kò pọn dandan kí olùfisùn jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà.

POST tún lè dá ìwé-ẹ̀rí dúró lójú ẹsẹ̀, kí ìwádìí tó parí, bí ọlọ́pàá bá fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìwádìí lórí ìwà burúkú ṣì ń lọ, tí àjọ náà sì gbà pé ó wà fún ààbò aráàlú. Ẹ béèrè rẹ̀ ní gbangba nínú ẹ̀sùn yín, nínú ìpínrọ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú déètì tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ àti déètì tí ẹ̀sùn yín wọlé. Bí ẹ kò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má rántí.

Ní báyìí, ìwé ẹ̀sùn gan-an. Ẹ má kọ ìtàn gígùn nípa bí ọkàn yín ṣe bà jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bà jẹ́ lóòótọ́. Ẹ gbé rípọ́ọ̀tì síwájú, ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ irọ́, ẹ sì fi àkókò inú fídíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa rí báyìí:

Rípọ́ọ̀tì, ojú ìwé 2, ìpínrọ̀ 3: «Ó fi ìgbọ̀nwọ́ òsì gbá mi láyà, mo sì fà sẹ́yìn.» Fídíò, 00:03:42 sí 00:04:10: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọlọ́pàá kò fà sẹ́yìn. Kò sí ìgbà kankan tí ìgbọ̀nwọ́ kan ọlọ́pàá kí wọ́n tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Rípọ́ọ̀tì, ojú ìwé 2, ìpínrọ̀ 4: «Ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sá.» Fídíò, 00:04:11 sí 00:04:30: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ohùn rẹ̀ dún kedere ní 00:04:15: «Mi ò rìn o, ọ̀gá.»

Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta irú èyí tó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ èébú kankan sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí méjèèjì ti tako ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù, ìyẹn láti fi hàn pé ó mọ̀. Òṣùwọ̀n ẹ̀rí tí California ń lò fún gbígba ìwé-ẹ̀rí ga: ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ṣe kedere kó sì lágbára, ó ju èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹjọ́ gbèsè lọ, bí kò tilẹ̀ tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí agbẹjọ́rò ọlọ́pàá máa sọ ni pé nǹkan yára, pé ẹ̀rù bà á, pé ìrántí ènìyàn kì í ṣe kámẹ́rà. Ohun tó ń fọ́ àwíjàre yìí kì í ju mẹ́rin lọ. Èkíní ni bóyá ó wo fídíò kí ó tó kọ rípọ́ọ̀tì. Ètò tí wọ́n ń kó fídíò kámẹ́rà àyà sí máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fídíò àti àkókò tó ṣí i. Bó bá wò ó ní aago 9 alẹ́, tó sì kọ rípọ́ọ̀tì ní aago 10, ọ̀rọ̀ ìrántí ti kúrò nílẹ̀. Ẹ dárúkọ àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ jáde. Èkejì ni iye ibi tó ti sọ irọ́ kan náà. Rípọ́ọ̀tì jẹ́ ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti àbúrò yín mọ́lé, ìwé ìbúra kan á wà tí ọlọ́pàá kọ fún adájọ́ láàárín wákàtí 48 láti fi ìdí ìmúni rẹ̀ hàn. Èyí wà lábẹ́ ìbúra, nítorí náà ó wúwo ju rípọ́ọ̀tì lọ. Ó lè tún wà nínú ohun tó sọ fún sájẹ́ńtì rẹ̀ lórí fídíò, àti nínú ẹ̀rí tó jẹ́ níwájú adájọ́ bí ẹjọ́ bá dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣe àṣìṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tó sọ irọ́ kan náà ní ibi mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ó ti pinnu.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹni tí irọ́ náà ṣe láǹfààní. Bí ìgbọ̀nwọ́ kò bá sí, kò sí ẹ̀sùn tí wọ́n fi mú àbúrò yín. Ìyẹn ni pé láìsí irọ́ yẹn, ìmúni náà fúnra rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ibi tí àwọn àìtọ́ náà kọrí sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ dà máa ń ṣì í sọ́tùn-ún àti sósì. Bí gbogbo ohun tí kò bá fídíò mu bá jẹ́ èyí tó gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ tò wọ́n sójú kan kí òǹkàwé rí i.

Ẹ̀rí wọ̀nyí kì í pẹ́ níbẹ̀. Òfin California dábàá fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n tọ́jú fídíò lásán fún ọjọ́ 60 ó kéré tán, kí wọ́n sì tọ́jú èyí tó jẹ mọ́ ìmúni, agbára lílo tàbí ẹ̀sùn fún ọdún 2. Fídíò àbúrò yín wà nínú ti ọdún 2, ṣùgbọ́n fídíò ọlọ́pàá kejì tó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè ti bọ́ sínú ti ọjọ́ 60. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà ìtọ́jú-ẹ̀rí lọ́sẹ̀ yìí, kó dárúkọ fídíò gbogbo ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fídíò, ohùn rédíò, àkọsílẹ̀ àkókò láti ọ́fíìsì tó rán wọn jáde, àti gbogbo ẹ̀dà rípọ́ọ̀tì náà, pẹ̀lú àwọn tí sájẹ́ńtì dá padà pé kó tún kọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ máa ń sọ ohun tí ẹ̀dà ìkẹyìn ti pa mọ́.

Ẹ̀sùn tí ẹ fi sí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ìdáhùn tó tọ́ sí yín. Láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín nípa ibi tó parí sí. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ẹ máa rí nínú lẹ́tà náà. "Sustained" ni pé wọ́n rí i pé ó jẹ̀bi; "not sustained", ẹ̀rí kò tó; "exonerated", ó ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n ó bófin mu; "unfounded", kò ṣẹlẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí "sustained", ẹ má tíì yọ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́: iléeṣẹ́ á gbà pé rípọ́ọ̀tì náà kò tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á pè é ní rípọ́ọ̀tì tí kò pé, tàbí ìwà tí kò yẹ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá á gba ìjìyà kékeré láìjà, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ «irọ́» kò sí nínú fáìlì. Nígbà náà ẹ padà sí POST, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ẹ sì sọ pé òótọ́ ibẹ̀ kò bá orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mu. Ohun tí iléeṣẹ́ bá ṣe kò de POST lọ́wọ́. Bí adájọ́ aláàrin, ìyẹn ẹni tó ń parí aáwọ̀ láàárín iléeṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, bá tilẹ̀ dá ọlọ́pàá padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin sọ ọ́ kedere pé èyí kò dí POST lọ́wọ́ láti wádìí kó sì gba ìwé-ẹ̀rí.

Bí fáìlì bá dé POST, ẹ̀ka tó ń bójú tó o máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta láti parí lẹ́yìn tí ìwádìí iléeṣẹ́ bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ gbé sùúrù wọ̀. Bí wọ́n bá rí ìdí, wọ́n á sọ fún ọlọ́pàá náà, ó sì ní ọjọ́ 30 láti béèrè àyẹ̀wò. Bí kò bá béèrè, ìwé-ẹ̀rí lọ láìsí ariwo mìíràn. Bó bá béèrè, ọ̀rọ̀ á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, tó ń jókòó ní gbangba, ó kéré tán ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Méjì péré nínú wọn ló wá láti agbo ọlọ́pàá. Àwọn yòókù jẹ́ aráàlú àti lọ́yà kan, òfin sì ní kí wọ́n fi ojú rere wo àwọn tí ọlọ́pàá ti hùwà ipá àìtọ́ sí, tàbí ẹbí ẹni tí wọ́n pa, nígbà tí wọ́n bá ń yan méjì lára àwọn aráàlú náà. Ẹ lè lọ jókòó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wọn ni àjọ POST fúnra rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn kọmíṣọ́nà tó wà níjókòó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú láti gba ìwé-ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ló máa lọ síwájú adájọ́ ìṣàkóso fún ìgbẹ́jọ́. Àwọn kan máa ń fúnra wọn yọ̀ǹda ìwé-ẹ̀rí kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀. Ìyẹn náà dára, torí òfin ka ìyọ̀ǹda sí gbígbà: kò sí àtúnpadà.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ lo òfin àkọsílẹ̀. Láti 2019, lábẹ́ SB 1421, fáìlì ọlọ́pàá tí wọ́n ti dá lẹ́bi irọ́ pípa ti di ohun tí aráàlú lè béèrè. SB 16 ti 2021 wá fi kún un pé ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìwádìí tó parí kò bọ́ nínú rẹ̀, pé kí wọ́n kó àwọn ìwé náà jáde láàárín ọjọ́ 45, bí kò bá sí ìdí tí òfin gbà láti dá a dúró, àti pé kí wọ́n tọ́jú fáìlì ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi fún ọdún 15. Ẹ dárúkọ Penal Code 832.7 nínú lẹ́tà ìbéèrè yín, kí ẹ sì béèrè gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ irọ́ pípa tó jẹ mọ́ ọlọ́pàá náà, kì í ṣe ti àbúrò yín nìkan. Irọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ká mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Àwọn kan á tún sọ fún yín nípa lísìtì Brady, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń tọ́jú láti inú ẹjọ́ Brady v. Maryland ti 1963: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún olùjẹ́jọ́ bí ọlọ́pàá tó fẹ́ jẹ́rìí bá ti purọ́ rí. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba tó fa ẹjọ́ yín yọ, kí ẹ ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Ó wúlò, torí ọlọ́pàá tí kò lè jẹ́rìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún iléeṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n wíwà lórí lísìtì náà kò gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin California kò sì jẹ́ kí iléeṣẹ́ jẹ ọlọ́pàá níyà nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan.

Ìkìlọ̀ méjì, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Bí ẹjọ́ kankan bá ṣì ń bẹ lórí àbúrò yín, kó má jókòó bá olùwádìí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ láìsí lọ́yà. Ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí lòdì sí i. Èkejì: ẹ̀sùn yín kì í ṣe ìbéèrè owó gbà-má-bínú. Oṣù 6 ni òfin fún ènìyàn láti fi ìwé ìbéèrè owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú tàbí káúńtì, ẹ ti kọjá rẹ̀. Ẹ ṣì lè tọrọ àyè láti fi í sílẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé ni. Ọdún 2 ni òfin fún ènìyàn láti gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Lọ́yà ló máa ka ọjọ́ náà fún yín, ẹ má dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Fún àwọn tó ń ka èyí láti ìpínlẹ̀ mìíràn: òfin kò rí bákan náà. Washington, tó yí òfin tirẹ̀ padà ní 2021, rọrùn fún olùfisùn ju California lọ, torí pé ẹ̀rí tó bá kàn tẹ̀wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan ló tó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Criminal Justice Training Commission wọn. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àfi kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá ọlọ́pàá lẹ́bi ọ̀daràn. Ẹ wá àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ POST ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ ka ohun tó lè mú ìwé-ẹ̀rí lọ níbẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Bí POST bá gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́pàá yìí tàbí tó dá a dúró, orúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ tó wà àti ìdí rẹ̀ máa hàn lórí lísìtì tí POST ń tẹ̀ sí ìkànnì rẹ̀. Lísìtì ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà, National Decertification Index, tí ẹgbẹ́ àwọn olórí àjọ POST, IADLEST, ń bójú tó. Aráàlú kò lè wo inú rẹ̀, kò sì ní fáìlì nínú. Ó kàn ń tọ́ka iléeṣẹ́ tó fẹ́ gba ènìyàn sí ìpínlẹ̀ tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kò sì sí ohun tó fipá mú iléeṣẹ́ gbogbo láti wò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ó ti kọjá sí Nevada tàbí Arizona, ẹ kọ̀wé sí àjọ POST ti ibẹ̀ tààrà. Ojú ìwé kan tó: orúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ tó fi sílẹ̀, déètì tó lọ, nọ́ḿbà ẹ̀sùn yín ní California, àti gbólóhùn méjì yẹn pẹ̀lú àkókò fídíò wọn.